Ibi Tí Irin Ti Ń Jẹun

Bàbá mi kò wa ọkọ̀ ojú irin rí.
Ẹ má pè é ní dírẹ́bà níbi ìsìnkú.
Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí ọkọ̀ ó yó
kó tó kúrò ní Kafanchan.

Agogo mẹ́ta òru, nígbà tí ọyẹ́ bá mú,
tí a kò rí òkè Kagoro mọ́,
ẹ́ńjìnnì á yọ láti ọ̀nà Makurdi,
á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí arúgbó tó sáré.
Ọkùnrin mẹ́jọ á dìde lórí àpò.
Kò sẹ́ni tó ń kí ẹnì kan.
Ṣọ́bìrì ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Baza, ọmọ Kaje, á gun òkìtì èédú,
Nwafọ á na agbọ̀n sí i.
Wọn kì í kà kọjá ogún;
bó bá pé ogún, wọn á tún bẹ̀rẹ̀ láti ení,
nítorí ẹni tó bá ka gbogbo rẹ̀,
ẹ̀yìn rẹ̀ á gbọ́.

Èédú náà, láti Enugu ni,
láti inú ilẹ̀ onílẹ̀.
Ọkọ̀ tó gbé e bọ̀ ti jẹ nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà
bí ọmọ tí a rán lọ ra àkàrà.

Yanrìn ńkọ́? Wọ́n ń yan án nínú agbada irin,
kó gbẹ, kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ má baà yọ̀
bó bá ń gun òkè lọ sí Jos.
Ìyá mi rò pé wọ́n ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀,
àfìgbà tó débẹ̀, tó rí ọkùnrin onírùngbọ̀n
tó ń fi igbá ro yanrìn bí ẹni ń yan gààrí.

Abẹ́ ni ti bàbá mi.
Inú kòtò eérú ló ń wọ̀, kòtò oníbíríkì,
á ti irin gígùn bọ ikùn ẹ́ńjìnnì,
á máa wa iná àná jáde.
Iná àná kì í fẹ́ jáde.
Ó ń ta pàrà, ó ń bu ènìyàn jẹ lápá.
Wọ́n á da omi lé e, ṣìììì,
eérú á dìde, bàbá mi á pòórá,
ọkùnrin funfun kan ni yóò jáde lódì kejì.
Èmi, ọmọ ọdún méje, tí mo gbé ẹ̀kọ wá fún un,
mo máa ń dúró kí ọkùnrin náà wúkọ́
kí n tó mọ̀ pé òun ni.

Lọ́jọ́ kan, ẹ́ńjìnnì kan dé, aláwọ̀ ewé.
Kò mí.
Kò wo ọ̀pá omi tó tẹ ọrùn bí lékeléke.
Ó dúró díẹ̀, ó fun fèrè, ó lọ.
Agbọ̀n ṣì wà lórí Nwafọ.
Baza ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín; ẹ̀rín náà kò pẹ́.
Bàbá mi gòkè láti inú kòtò,
ó nu ojú, ó ní:
“Mo wo abẹ́ rẹ̀. Kò ní ikùn.”

Ó dàgbà sí mi lọ́wọ́ ní Kubwa.
Agogo mẹ́ta òru, ó ti jí,
á jókòó ti sítóòfù gáàsì tí a kò tàn.
Mo mú un wọ ọkọ̀ tuntun lọ sí Rigasa.
Ó bẹ̀rẹ̀ létí irin, ó ń wo ìsàlẹ̀,
ọmọ kékeré kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù jágbe mọ́ ọn.
Bàbá mi kò bínú. Ó kàn béèrè:
“Ibo lẹ ti ń bọ́ ọ?”
Ọmọ náà ní, “Baba, ẹ wọlé, ẹ́ẹ̀sì wà níbẹ̀.”

Lánàá, àwọn tó wẹ̀ ẹ́ pè mí sínú yàrá.
Wọ́n ní gbogbo ara ti mọ́,
àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló kù,
dúdú tó wà lábẹ́ èékánná kọ̀, kò jáde.
Ṣé kí àwọn tún fi kàn-ìn-kàn-ìn gbo ó?

Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀.