Ìgbà Mélòó Ni Wọ́n Dá Ayé ní Kíláàsì Kẹrin?

Èmi Ràímì, agbálẹ̀ ilé-ìwé etí odò Kúdẹtì,
mi ò kàwé kọjá pírámárì méjì,
ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ kan péré, lábẹ́ fèrèsé kíláàsì kẹrin,
etí mi yìí gbọ́ bí wọ́n ti dá ayé nígbà márùn-ún.

Lọ́jọ́ Ajé, Tíṣà Ìbíwùmí mú ṣọ́ọ̀kì,
ó ya ẹyin ràgàjì kan sára pátákó.
Ó ní àwọn ará Ṣáínà ayé ijọ́un sọ pé
ẹnìkan sùn sínú ẹyin náà fún ẹgbàásàn-án ọdún.
Ó jí, ó la ẹyin,
ìlàjì òkè di ọ̀run, tìsàlẹ̀ di ilẹ̀.
Ọmọ kan nawọ́: “Tíṣà, ta ló yé e?”
Tíṣà dákẹ́.
Èmi náà dúró, tìgbálẹ̀tìgbálẹ̀.
Mi ò tíì rí ìdáhùn ọ̀rọ̀ yẹn títí dòní.

Hámmà, ọmọ Fúlàní tí kì í dáhùn bí wọ́n bá pè é,
dìde lọ́jọ́ kejì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é.
Ó ní ìyá tó bí ìyá òun sọ pé
ẹ̀kán wàrà kan ṣoṣo ni gbogbo ayé tẹ́lẹ̀.
Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó jókòó.
Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Èyí tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín dé ojú ekún
ni tàwọn tó ti wà ní Amẹ́ríkà kí òyìnbó ó tó débẹ̀:
obìnrin kan já bọ́ látọ̀run, omi ló kún ìsàlẹ̀ bámúbámú;
ẹranko kékeré kan rì wọlé lọ, ó bu ẹrẹ̀ wá,
ẹ̀yìn ìjàpá ni wọ́n tẹ́ ẹ sí.
“Ìjàpá kẹ̀? Ìjàpá wa yìí?
Ta ló fayé lé olè lọ́wọ́?”

Ẹ̀rín yẹn ló délé ṣáájú àwọn ọmọ.
Ní Ọjọ́bọ̀, Alàgbà Oyèéyẹmí dé, Bíbélì lábíyá,
Àfáà Múnírù ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀,
àwọn méjèèjì tí wọn kì í kíra wọn
nítorí ààlà ilẹ̀ ẹsẹ̀ méjì.
Tíṣà ò jiyàn. Ó kúnlẹ̀, ó ní,
“Ẹ jókòó, ẹ̀yin bàbá, tiyín ló kàn.”
Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọmọdé, orúnkún kan àyà.
Alàgbà sọ tirẹ̀, Àfáà ń mi orí.
Ó kan Àfáà, Alàgbà ń mi orí,
kò mọ̀ pé òun ń mi ín.

Síbẹ̀, ọ̀gá àgbà ní ẹ̀kọ́ náà ti tó, kí wọ́n padà sórí ìṣirò.
Ti Ilé-Ifẹ̀ tí Tíṣà fi sí ọ̀sẹ̀ kejì, wọn ò débẹ̀.

Òjò ti jẹ ẹ̀yìn kíláàsì wọn kù díẹ̀ kó kan ìpìlẹ̀.
Mo fi bárò kó yanrìn láti etí odò, ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án,
mo dà á jọ gègèrè sójú omi ọ̀gbàrá.
Mo yíjú báyìí,
adìyẹ ìyá Sàfúrátù ti gorí rẹ̀,
ó ń tàn án kiri, sọ́tùn-ún, sósì.
Mo he òkò.
Ohùn Hámmà já wá láti ojú fèrèsé:
“Bàbá Ràímì, ẹ má lé e!
Iṣẹ́ ló ń ṣe.”