Ẹja Tó Gun Òkè Wá

Bàbá Ámbúrósì ló kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀.
Aago mẹ́rin ìdájí, oṣù keje,
mò ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn rẹ̀ ní yàrá kẹrìnlá,
ó ní, "Ṣí fèrèsé yẹn díẹ̀ sí i."
Kùrukùru wọlé bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn.
Ó fa imú. Ó rẹ́rìn-ín.
"Wọ́n ti dé," ló wí. "Kápílìn ti dé."

Èmi ò gbóòórùn nǹkan kan ju ọṣẹ àti ìtọ̀ lọ.
Ọdún mẹ́ta tí mo ti wà ní Síńtì Jọ́ọ̀nù,
orúkọ ẹja yìí ni mò ń gbọ́ lẹ́nu tẹrú-tọmọ
bí orúkọ ọmọ tó rìnrìn àjò:
ó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀; kò tíì dé;
èṣí, ó pẹ́; ọdún tó ṣáájú èṣí, kò pọ̀.
Òtútù tó ń gún wa léegun nínú oṣù kẹfà pàápàá,
wọ́n ní ẹ má kà á sí,
ojú ọjọ́ kápílìn ni.

Mo bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ láago méje.
Bẹnísì tó ń dáná fún àwọn arúgbó ló fọkọ̀ gbé mi,
bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ń lu ara wọn lẹ́yìn wa.

Ìlàjẹ ni wọ́n bí mi sí. Mo mọ ẹja.
Ẹja tí mo mọ̀, ìyà la fi ń wá a:
bàbá mi Mafimisẹ́bí á wọkọ̀ lálẹ́,
okùn àwọ̀n á la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀,
ìyá mi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa ka ìgbì
bí ẹni ń ka owó àjọ tí kò pé,
títí àtùpà rẹ̀ yóò fi yọ.
N ò rí i rí kí ẹja dìde nínú ibú
kó máa wá apẹja bọ̀ nílé.

Àfi àárọ̀ yẹn.
Ìgbì kan fọ́ sórí òkúta wẹ́wẹ́, kò funfun bí ìgbì;
ó dúdú, ó ń dán, ó ń mí.
Nígbà tó fà sẹ́yìn, ẹja ló fi sílẹ̀
bí ẹni da àpò délẹ̀.
Wọn ò gùn ju ọwọ́ mi lọ,
ẹ̀yìn wọn bí ewé, ikùn wọn bí fàdákà,
wọ́n gbé oyún wọn gun òkè wá,
àfi bíi pé kò síbi tí a ti lè bímọ nínú gbogbo òkun.
Òórùn wọn? Kùkúmbà. Mo búra.
Kùkúmbà tí ọ̀bẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

Àwọn ọmọdé nínú bàtà rọ́bà ń fọwọ́ gbá a jọ.
Obìnrin kan ń fi asẹ́ ìdáná rẹ̀ bù ú.
Ọkùnrin kan ń rọ ọ́ sínú àpò, ó ní oko pòtétò òun lebi ń pa.
Lókèèrè díẹ̀, àbùùbùtán yọ, ó fọn omi sókè,
òun náà wá bu tirẹ̀.
Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn,
ẹja kéékèèké yẹn gan-an ló yẹ kó máa jẹ́ orúkọ rẹ̀.

N ò ní àwọ̀n. Mo bọ́ bàtà iṣẹ́, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀.
Omi náà bù mí jẹ dé mùdùnmúdùn.

Òkun kan náà ni.
Òun ló jẹ yàrá ìyá mi, ló jẹ ṣọ́ọ̀ṣì,
ló yíjú padà wá jẹ sàréè bàbá mi;
òun náà ló ń kó nǹkan wá síbi ẹsẹ̀ mi yìí.
N ò mọ̀ bóyá gbèsè ló ń san.
N ò bi í.
Mo ṣáà ṣí fìlà aṣọ òjò mi, mo fi bù.

Nígbà tílẹ̀ ṣú, mo gbé ẹyọ kan wọ yàrá kẹrìnlá
nínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà, torí òfin ilé náà kò gbà á.
Bàbá Ámbúrósì gbé e síwájú imú, ó dijú.
Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
"Akọ ni," ló wí. "Abo ló dùn.
Padà lọ lọ́la."