Ohun Tí Bíọ̀ Rí Nínú Àpò

Kú ọ̀nà, Ṣàbí. Gbé àpò ìrẹsì yẹn sílẹ̀,
síbi tí ibòòji máńgòrò dé.
Eruku ọ̀nà Kútọnu ṣì wà lẹ́nu okùn rẹ̀.
Mo ti gbọ́ kí o tó dé: fọ́ọ̀kì ni,
èyí tí ẹ̀yin ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ń pè ní fúrúṣì,
ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó mọ ìdọ̀bálẹ̀, tó sì mọ ìdìde.
Ó rẹwà. N kò ní í purọ́.
Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ báyìí,
ó mí bí ẹni tó sùn.

Ṣùgbọ́n bá mi di kẹ̀kẹ́ rẹ mú.
Wo ọrùn rẹ̀: ihò náà gún régé látòkè dé ìsàlẹ̀
bí agolo tòmátò.
Wo ọ̀pá fọ́ọ̀kì:
òkè rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ìdí rẹ̀ wú
bí ìdí ọ̀pẹ etí odò.
Ká ní ihò ló tóbi, tí ọ̀pá kéré,
mo ní òrùka tí mo lè fi dí àlàfo.
Ihò tó kéré ńkọ́? Kí la ó fi fẹ̀ ẹ́?
Fáìlì? Àdúrà?

Má tíì bínú. Gbé táyà iwájú wá.
Irin àárín rẹ̀ kò ju ìka ọmọdé lọ;
ẹnu fọ́ọ̀kì yìí ń retí àtàǹpàkò.
A kì í ra fìlà fún orí tí a kò tíì rí, Ṣàbí.

Àwo bíréèkì dà? Hẹn-ẹ́n.
Ọgọ́jọ wà lọ́jà, ọgọ́sàn-án wà,
o fi wọ́n sílẹ̀, o gbé igba ó lé mẹ́ta,
torí pé ó ń dán.
Tẹjú mọ́ inú ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì níbí,
wọ́n kọ ọ́ wẹ́wẹ́ bí ẹsẹ̀ èèrà:
ọgọ́sàn-án, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Ẹni tó rọ ọ́ mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ.
Ìwọ, ta lo bi kí o tó sanwó?

Bíréèkì elépo yìí nìkan ni kò jẹ̀bi.
Etí rẹ̀ méjèèjì bá etí fọ́ọ̀kì mu,
bọ́ọ̀tù wọlé láìjanpata.

Èmi náà ti ṣe ọ̀dọ́ rí.
Mo fi páànù àti wáyà so bíréèkì
mọ́ fọ́ọ̀kì tí kò ní etí kankan fún un.
A tì í gun òkè lọ́jọ́ ọyẹ́,
Wọrú ẹ̀gbọ́n mi ní òun ni àgbà,
òun ni yóò kọ́kọ́ gùn ún sọ̀kalẹ̀.
O mọ àpáta Ṣábẹ̀ẹ́: ó ń dán bí orí apárí,
yanrìn fẹ́lẹ́ lójú rẹ̀ bí iyọ̀.
Wọrú fa bíréèkì.
Bíréèkì gbọ́. Fọ́ọ̀kì kò gbọ́.

Ó wà láàyè. Ó ń kọ́ ọmọ ní Kàbúà.
Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tó bá rẹ́rìn-ín,
tí àyè eyín méjì iwájú bá hàn,
ilẹ̀ ni mo máa ń wò.

Nítorí náà n kò ní í fi òòlù lù ú wọlé,
ì báà ṣe ìlọ́po méjì owó mi lo gbé lé mi lọ́wọ́.
Gba téèpù yìí, padà sí Tọ̀kpá,
wọ̀n ìdí ọ̀pá kí o tó wo àwọ̀ rẹ̀.
Bí ẹni tó tà á bá kọ̀ tí kò gbà á,
gbé e wá, ìṣó kan ṣì ṣófo lára ògiri.
Fọ́ọ̀kì mẹ́rin ló wà níbẹ̀ tó ń retí kẹ̀kẹ́ wọn,
ọ̀kan ti ń retí kí wọ́n tó bí ọ.

Kí ìyá rẹ fún mi. Sọ fún un pé
owó àwo ńlá náà kò wọmi tán,
ó ṣeé gbé ìkòkò gbígbóná lé.

Ó yá, dì í padà sínú àpò.
Rárá, dúró.
Jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.