Ẹ̀ka Inú Ọ̀rá

Ọjọ́ tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sára ògiri wa ní Òkè-Àró,
Ìyá Àgbà kò sunkún ilé.
Ó ní, "Ilé? Bíríkì ni. Gúrọ́fà mi ńkọ́?"

Igi náà kò dùn ún wò.
Ó wọ́, adìẹ ń sùn lórí rẹ̀,
a ti sá aṣọ ilé-ìwé sí i títí ẹ̀ka rẹ̀ fi dán.
Ṣùgbọ́n gé èso rẹ̀ jẹ:
inú rẹ̀ pọ́n bí ẹnu ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán.

Mo ní ká gbin hóró rẹ̀.
"Hóró a máa purọ́, Fọlọ́runṣọ́.
Ó lè bí èyí tó funfun nínú, tó tún kan.
Èmi ò fẹ́ ẹlòmíràn. Èyí gan-an ni mo fẹ́."

Bàbá Ajíbẹ́fun, olùkọ́ àgíríkì tó ti fẹ̀yìntì,
mú abẹ jáde nínú àpò ẹ̀wù.
Ó bó èèpo ẹ̀ka yíká, ìbú àtàǹpàkò kan,
ó ha omi yíyọ̀ ara rẹ̀ kúrò,
ó fi háhá àgbọn tútù àti ilẹ̀ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo ojú ọgbẹ́,
ó fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà wé e, ó fi etí ìró àlòkù dì í.
"Ẹ má tíì gé e o.
Ẹ jẹ́ kó máa mu ọmú ìyá rẹ̀
títí yóò fi ní ẹsẹ̀ tirẹ̀."

Mẹ́rin la wé.
Èèrà kọ́lé sínú ọ̀kan.
Ewúrẹ́ Ìyá Adélabà fa ìkejì já.
Èmi ni mo pa ìkẹta:
mo ń tú u wò lójoojúmọ́
bí ẹni ń ṣí ìkòkò ìrẹsì.

Ìkẹrin wà lókè, ọwọ́ ò tó o,
a gbàgbé rẹ̀ sínú òjò.
Oṣù kẹjọ ni Ìyá Àgbà gbójú sókè:
gbòǹgbò funfun, tẹ́ẹ́rẹ́,
tẹ ara mọ́ ọ̀rá látinú
bí ìka ọmọdé lára fèrèsé bọ́ọ̀sì.

Mo fi ayùn gé e.
Ìyá Àgbà ní, "Pẹ̀lẹ́."
Mi ò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ló ń kí.

Garawa ọ̀dà lórí itan rẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà,
Òkè-Àró dé Ìjọ̀kà.
Ọlọ́kadà ní igi náà yóò san owó.
Wọ́n jà á dé ẹnu ọ̀nà.

Katakata dé lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. A ò lọ wò ó.

Onílé wa tuntun kì í fẹ́ kí ayálégbé gbin nǹkan.
Ìyá Àgbà ní òun ò gbin nǹkan kan,
inú garawa ló wà, àlejò ni.
Àlejò náà kò ju orúnkún mi lọ
tó fi yọ òdòdó lọ́dún kejì.
Kì í ṣe ọmọdé, ẹ̀yin náà ẹ wò ó:
ó kó ọjọ́ orí rẹ̀ wá.

Bàbá Ajíbẹ́fun ní ká já òdòdó náà dànù, kí ara rẹ̀ lè le.
Ìyá Àgbà gbé àga rẹ̀ síwájú garawa,
ó jókòó,
ó ń wo ọwọ́ gbogbo wa.