Ẹni Mẹ́rìnlélógún

Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni wọ́n fún mi
kí n sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan péré lórí rédíò, ní Àkúrẹ́.
Mo bu omi mu, mo fọ ọ̀fun,
mo gbé ohùn wálẹ̀ bíi ti àgbà agbóhùnsáfẹ́fẹ́:
"Ibà Lassa ń jà. Ẹ bo oúnjẹ yín.
Ẹ má sá gààrí sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì."
Bí ìròyìn aago méje bá ti parí, ohùn mi a jáde
ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Ìjọ̀kà, nínú takisí ní Ọjà Ọba,
èmi náà a máa yan bí ọlọ́pàá tuntun.

Lọ́jọ́ Sátidé mo délé, ní Ìtaògbólú.
Gààrí ìyá mi tẹ́ rẹrẹ lórí tapólì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì,
ojú ẹsẹ̀ eku wínníwínní lórí rẹ̀
bí ìwé tí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi kọ.
"Màámi, ẹ ò gbọ́ mi lórí rédíò ni?"
"Mo gbọ́ ọ. Ohùn rẹ dùn!
Mo pe Ìyá Olúyẹdé kó wá gbọ́ ọmọ mi.
Kí lo tiẹ̀ wí?"

Ló bá na fóònù sí mi.
Obìnrin kan tí a kò mọ̀ rí ń mí hẹlẹhẹlẹ:
"Ẹ̀yin ará mi, irọ́ ni, kò sí ibà kankan.
Orógbó mẹ́ta nínú omi iyọ̀.
Ẹ fi ránṣẹ́ sí ogún ènìyàn kílẹ̀ tó ṣú."
Ìyá mi ti fi ránṣẹ́ sí mẹ́rìnlélógún.
Ó ní, "Èyí, èmi ló ń bá sọ̀rọ̀."

Olúyẹdé mu orógbó fún ọjọ́ mẹ́rin.
Lọ́jọ́ karùn-ún, ẹ̀jẹ̀ yọ lérìgì rẹ̀,
ọkọ̀ ilé ìwòsàn Ọ̀wọ̀ wá gbé e lóru.
Ó padà wálé o.
Etí òsì rẹ̀ ni kò bá a padà.
Ìyá mi kò sọ nǹkan kan fún mi.
Ó kó gààrí wọlé, ó ra ike onídèérí méjì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹnìkan láti Òkè-Àró
fi ohùn kan ránṣẹ́ sí mi: "Bọ̀dá, ẹ gbọ́ eléyìí."
Mo tẹ̀ ẹ́. Àkùkọ ló kọ́kọ́ kọ.
Ẹnìkan wúkọ́. "Ṣé ó ti ń gbà á?
Èmi Adétutù ni, ìyá Akíndúró.
Mo pín irọ́ ọjọ́sí. Ẹni mẹ́rìnlélógún.
Ẹ bo gààrí yín. Bí ibà bá lé lọ́jọ́ méjì,
ẹ fi orógbó sílẹ̀, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ lọ.
Olúyẹdé, mo mọ̀ pé o ò gbọ́ mi dáadáa.
Ní kí ìyá rẹ tún un sọ
sí etí ọ̀tún."