Mo Lóṣòó ní Òkèsà

Bàbá bàbá mi ta aṣọ ní àwìn títí dé Ìlọrin.
Bí ọjọ́ owó bá pé, a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà,
kò ní jókòó, kò ní mu omi,
àfi bí owó bá wọ àpò.
Òṣómàáló ni wọ́n ń pè wọ́n, àwa Ìjẹ̀ṣà mọ̀ ọ́n.
Èmi náà lóṣòó lánàá ní Òkèsà,
níwájú áńpílífáyà.

Iná NẸPA ló pa ti ilé wa.
Ó lọ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó dé lóru ọjọ́ kẹwàá
tìbínú-tìbínú,
ẹ̀rọ Bàbá yọ èéfín tín-ín-rín kan
bí àtùpà tí ọmọdé fẹ́ pa.
Ó wá ku sípíkà méjì ní pálọ̀ wa ní Ìṣọ̀kun,
onípákó, wọ́n ga tó ọmọ ọdún mẹ́fà,
wọ́n la ẹnu sílẹ̀, wọn ò rí nǹkan sọ.

Ọmọkùnrin tó ni ìsọ̀ àkọ́kọ́ pè mí ní Dádì.
Ó tan tirẹ̀: iná búlúù, iná pupa, iná tó ń sá kiri.
"Ẹgbẹ̀rún méjì wáàtì, sà!"
Ọwọ́ kan ni mo fi gbé e.
Ẹgbẹ̀rún méjì wáàtì, ó fúyẹ́ bíi páálí bisikíìtì.

Famúrewá kò dárúkọ wáàtì kankan.
Ogójì ọdún ló ti ń fi eyín bó wáyà,
àlàfo wà níwájú ẹnu rẹ̀ tí wáyà ń gbà kọjá.
"Gbé e wò," ó wí.
Mo gbé e. Ẹ̀yìn mi dáhùn.
"Irin inú rẹ̀ nìyẹn.
Má jẹ́ kó pariwo fún ọ,
ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́gi náà mọ ariwo.
Ní kó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́,
ibẹ̀ ni irọ́ ti ń tú.
Kó o tó fi nǹkankan sínú rẹ̀, tẹ́tí sí ìdákẹ́ rẹ̀:
èyí tó bá ń kùn bí eṣinṣin inú ìgò,
dá a padà fólówó.
Lẹ́yìn wákàtí kan, gbé ọwọ́ lé e lórí.
Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí iwájú ọmọ tó ń sùn,
kó má gbóná bíi tọmọ tí ibà ń ṣe.
Kó o sì bi mí léèrè: bó bá kú, ta ni yóò jí i?"
Ó mi agolo mílíìkì kan, nǹkan wẹ́wẹ́ ń dún nínú rẹ̀.

Wákàtí kan. Ọyẹ́ ń fi eruku kun orúnkún mi.
Ọmọ ìsọ̀ àkọ́kọ́ yọjú: "Dádì, ṣé ẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ ni?"
Mi ò dá a lóhùn. Mo gbé ọwọ́ lé e.
Wọ́ọ́rọ́.
Ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún náírà, kò dín kọ́bọ̀.
Ó fi wáyà gígùn kan ṣe èènì.

Nílé, mo wá kásẹ́ẹ̀tì tí Bàbá gba ohùn ara rẹ̀ sí,
níbi tó ti ń ka orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó kòkó,
orúkọ, iye, orúkọ, iye.
A ti gbọ́ ọ tó ìgbà ọgọ́rùn-ún nígbà ayé ẹ̀rọ àtijọ́.
Ohùn rẹ̀ nìkan la máa ń gbọ́.
Lónìí, lẹ́yìn ohùn náà, mo gbọ́ àga tó ń ké,
adìẹ kan tí wọ́n lé jáde,
lẹ́yìn náà ni òjò, wàrà-wàrà, lórí páànù.

Màmá ti inú kíṣìnnì ké:
"Ẹ kó kòkó wọ ulé o! Ẹ sáré!"
Ogún ọdún rèé tí kòkó ti sá gbẹ̀yìn ní àgbàlá wa.
Kí n tó dìde, ó ti gbé apẹ̀rẹ̀, ó ti wà níta,
ó dúró sínú oòrùn ọyẹ́,
ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sókè,
ó ń wá ẹ̀kán omi.

Mi ò lọ pa á.