Abẹ́là àti Afẹ́fẹ́

Aago méjì òru ní Hull. Bàtà iṣẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi.
Ẹni tí mò ń bá ta káàdì lórí fóònù
gbé Abẹ́là kalẹ̀, ó gbé Afẹ́fẹ́ tì í.
Abẹ́là kú, Afẹ́fẹ́ jí i.
Afẹ́fẹ́ kú, Abẹ́là jí i.
Ní gbogbo àjíǹde, ẹ̀mí kan kún tirẹ̀:
ogójì, mọ́kànlélógójì, méjìlélógójì…

Wọ́n ní ohun tó bá ní ìbẹ̀rẹ̀ á lópin.
Ẹni tó pa òwe yẹn kò bá Abẹ́là pàdé.
Èmi, ọ̀ta ayò ní Ìkirè,
mo dòpè níwájú ẹni tí n ò mọ̀ rí.

Bọ́tìnì «Mo gbà fún ọ» ń wò mí.
Mo gbé omi tíì kaná, mo bọ́ bàtà.
Ìgbà tí mo padà dé, ó ti di mẹ́tàlénígba,
ìka rẹ̀ ṣì ń tẹ̀, ń tẹ̀ —
àbí òun náà ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ lóru yìí?

Omi Òjò ló kù lọ́wọ́ mi,
káàdì kan ṣoṣo tó lè pa Abẹ́là pátápátá.
Mo fi ìka lé e.
N ò tíì tẹ̀ ẹ́.